Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan: Ohun tí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Equity

Nígbà tí a bá ń ka ìwé òfin ilẹ̀ wa, a ó bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan pàdé, èyí ni equity. Àwọn ògbufọ̀ wa a máa pè é ní òdodo, àwọn mìíràn a sì pè é ní àìṣègbè. Àwa kò wí pé wọ́n ṣì í túmọ̀, ṣùgbọ́n àìṣègbè kò kún un tó. Adájọ́ tí kò ṣègbè a gbọ́ tẹnu ọ̀tún, a sì gbọ́ tẹnu òsì, nítorí agbọ́ẹjọ́ẹnìkan-dájọ́ ni àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n adájọ́ lè ṣe gbogbo èyí, kí ó tẹ̀lé òfin ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kí ó fi òfin náà tẹ aláìlẹ́ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ equity ti bẹ̀rẹ̀.

Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tí í ṣe ohun tí ó tẹ́jú. Èrò náà dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì nì, wí pé òfin ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn lápapọ̀, kò sì lè rí gbogbo ọ̀ràn tẹ́lẹ̀. Ó fi àtúnṣe rẹ̀ wé ọ̀pá ìwọ̀n àwọn ọ̀mọ̀lé erékùṣù Lesbos, èyí tí a fi òjé ṣe, tí ó ń tẹ̀ bá ìrísí òkúta mu.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí òfin kò ràn lọ́wọ́ a máa mú ẹ̀bẹ̀ tọ ọba lọ, ọba a sì fi í lé ìjòyè ńlá rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí à ń pè ní Lord Chancellor, tí í ṣe àlùfáà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láyé ọjọ́un. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀bẹ̀ yìí di kóòtù kan lọ́tọ̀. Ní 1615 kóòtù náà àti kóòtù òfin figagbága, àti ní 1616 Ọba James Kìíní dá Chancellor láre. John Selden fi í ṣe ẹlẹ́yà: ó ní ó dàbí ẹni pé a ń fi ẹsẹ̀ Chancellor wọn nǹkan, ẹsẹ̀ ẹnìkan gùn, ti ẹlòmíràn kúrú. Òfin 1873, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1875, ni ó so àwọn kóòtù náà pọ̀, tí ó sì pàṣẹ pé níbi tí méjèèjì bá ti takora, equity ni yóò lékè.

Ẹ kíyèsí ọ̀ràn gbèsè, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bí ọmọ. Bí ará Gẹ̀ẹ́sì bá fi ilẹ̀ dúró fún owó, tí ọjọ́ tí a dá bá kọjá láìsan án, òfin wí pé ilẹ̀ ti bọ́ títí láé, ìbáà ṣe ọjọ́ kan péré ni ó fi pẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, kóòtù Chancellor kọ èyí: ó jẹ́ kí ajigbèsè mú owó àti èlé wá lẹ́yìn ọjọ́ náà kí ó sì ra ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ ìràpadà yìí ni a pè ní equity. Nígbà tí ó yá, iye tí ó kù fún onílé lẹ́yìn gbèsè orí ilé náà jẹ́ orúkọ yìí, àti ìpín àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi wà lẹ́nu adájọ́ àti lẹ́nu oníbáǹkì.

Ní 1876 ni òfin kan mú un wọ Èkó, nígbà tí a so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast. Òfin náà gba àṣà wa láyè, bí kò bá lòdì sí òdodo àdánidá, equity àti ẹ̀rí-ọkàn rere. Ní 1932, ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ọkùnrin kan ní òun ni ó ni àwọn ọmọ tí obìnrin kan bí fún ọkọ mìíràn, nítorí òun ti san owó orí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a kò sì tíì dá a padà fún òun. Kóòtù kọ̀ fún un nítorí gbólóhùn yìí, àwa sì gbà pé ìdájọ́ náà tọ́. Síbẹ̀ a kò lè ṣàì bèèrè pé: ẹ̀rí-ọkàn ta ni? Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti adájọ́ tí ó ti òkè òkun wá ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹsẹ̀ Chancellor ti wọ ọkọ̀ dé Èkó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí Chancellor jà fún kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá fi oko kòkó dógò, ẹni tí ó yá a lówó ni yóò máa ká kòkó náà dípò èlé. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, bí olóko tilẹ̀ kú, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè mú owó wá kí ó gba oko. Kò sí ọjọ́ tí yóò kọjá tí ìdógò yóò fi di títà. Àwọn kóòtù Nàìjíríà pàápàá ti gba àṣà yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ilé dúró ní báǹkì pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ ètò mìíràn. Bí kò bá lè san án, ayánilówó lè ta ilé náà. Nígbà tí ó bá sì ti tà á bí òfin ti wí, ìràpadà ti parí. Ohun tí onílé tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ tún lè bèèrè kò ju owó tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbèsè àti ìnáwó títà lọ.