Kì Í Ṣe Àfojúdi: Ìtàn Díẹ̀ Nípa Àìsàn Tourette

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní kíláàsì mi tó ń ti Navy Town wá. Ó máa ń ju ọrùn, á sì ké "hùn!" lójijì. Mo ní àfojúdi ni, mo lé e jáde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò padà wá mọ́.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé bí mo bá kọjú sí i, á dákẹ́ díẹ̀. Mo ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i? Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni." N kò mọ̀ pé bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín ló rí: o lè pa á mọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n á jáde ṣáá ni.

Ní ọdún 1825, dókítà Itard ní ilẹ̀ Faransé kọ nípa obìnrin ọlọ́lá kan tí ara rẹ̀ ti ń já láti ọmọ ọdún méje, tó sì máa ń ṣàdédé sọ ìsọkúsọ láàárín àwọn èèyàn ńlá. Ní 1885, Georges Gilles de la Tourette kọ nípa èèyàn mẹ́sàn-án. Obìnrin yẹn wà lára wọn. Charcot, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris, ló fi orúkọ rẹ̀ pe àìsàn náà. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà fi ń sọ pé ìṣòro ọkàn ni. Àwọn ọdún 1960 ni oògùn haloperidol, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, dín in kù lára àwọn aláìsàn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé inú ọpọlọ ló ti ń wá.

Àwọn dókítà náà ṣì í, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá mi láre. Ní Ọ̀jọ́ níbí, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Òbí mìíràn ń bẹ̀rù ilé ìwòsàn Yábàá, tó ti wà láti 1907, kí àdúgbò má baà máa pe ọmọ rẹ̀ ní "Yaba Left". Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe wèrè. Díẹ̀ nínú wọn ló ń sọ ìsọkúsọ, ó sì máa ń rọlẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn bí wọ́n bá ti dàgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di olùkọ́, ẹ má nà wọ́n o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí wọ́n lè jáde kí wọ́n sì wọlé láì tọrọ àyè. Ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi, bó o bá ń ka èyí, jọ̀ọ́, forí jì mí.