Ìpìlẹ̀ Operations Research: Ìbéèrè Ṣáájú Ìṣirò

Ojú ogun ni operations research, ìmọ̀ tí ń wádìí bí iṣẹ́ ṣe lè yọrí, ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1941, àdó olóró tí ọkọ̀ òfurufú Bìrìtéènì ń jù sí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kì í bú àfi ní nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀ omi. E. J. Williams, tí ó bá Patrick Blackett ṣiṣẹ́, yẹ àkọsílẹ̀ wò: ọkọ̀ tí awakọ̀ òfurufú fojú rí kò tíì wọ ìsàlẹ̀ jìnnà, èyí tí ó ti wọlẹ̀, ta ni ó mọ ibi tí ó wà? Ó dámọ̀ràn 25.

Ìbéèrè ni èyí, ìṣirò rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí ó di 1979, Russell Ackoff, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ náà, fẹ̀sùn kan àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń wá ìṣòro fún.