Yìnyín ni, kì í ṣe òjò-dídì: Ìdí tí snow kì í fi í já ní Mazamaza

Gbogbo ìgbà tí yìnyín bá já níbì kan ní Nàìjíríà, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri orí WhatsApp pé snow ti dé ilẹ̀ wa. Àgbàlá á funfun, àwọn ọmọdé á máa fi ike gbọ́n ọn, ẹlòmíràn á ní ayé ti fẹ́ parẹ́. Kì í ṣe snow rárá. Yìnyín làwọn bàbá wa ń pè é, orúkọ náà sì ti wà kí fóònù tó dé.

Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Bíbélì Yorùbá gan-an yà wọ́n sọ́tọ̀: òjò-dídì ló pe snow. Inú àwọsánmà tó tutù gidi ni òjò-dídì ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti ń dì sí ègé kéékèèké onígun mẹ́fà. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á máa rọra bọ̀ wálẹ̀ bí òwú. Kí wọ́n tó lè délẹ̀ láì yọ́, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí dígírì 0 tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀.

Yìnyín ò nílò ìyẹn. Ooru gan-an ló ń bí i. Lóṣù kẹta sí ìkarùn-ún, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ooru máa ń ti afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin sókè tagbára-tagbára, ìkán omi á bá a gòkè kọjá bíi mítà 4,500 sí 5,000, níbi tí otútù ti lè mú omi dì lórí ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Omi á máa dì lé ara wọn títí tó fi máa wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Eré tó ń sá bọ̀ ni kì í jẹ́ kó ráyè yọ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń lu páànù bí ẹní ń ju òkúta, tó sì lè fọ́ gíláàsì mọ́tò. Ẹni tó bá wà lábẹ́ òrùlé, kó dúró síbẹ̀. Fídíò lè dúró.

Ṣé orí òkè wa ńkọ́? Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba ló ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419. Bí èèyàn bá ń gun òkè, nǹkan bíi dígírì 6 ló ń dín kù nínú ooru ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Bí ìsàlẹ̀ bá wà ní 27, orí òkè náà á ṣì tó 12. Kò tíì tó. Àmọ́ Kilimanjaro ní Tanzania, tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé ju Èkó lọ, ga tó mítà 5,895, yìnyín sì wà lórí rẹ̀ títí dòní. Kódà ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, ìlú Ain Sefra ní Algeria rí òjò-dídì lọ́dún 1979, ó tún rí i ní 2016 àti 2018. Gíga ìlú náà, bíi mítà 1,000, àti afẹ́fẹ́ tútù láti àríwá ló fà á.

Otútù nìkan ò tó o. Àárín gbùngbùn Antarctica tutù ju ibikíbi lọ, síbẹ̀ bí a bá yọ́ òjò-dídì ọdún kan níbẹ̀, omi rẹ̀ kì í sábà tó mílímítà 100. Òjò Èkó ń kọjá 1,000 dáadáa. Afẹ́fẹ́ tó tutù jù kì í lè gbé omi púpọ̀.

Ní London, afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí òtútù le jù, òjò-dídì ibẹ̀ kì í sì í pọ̀. Nítorí náà, nígbà tó dé lọ́pọ̀ ní February 2, 2009, gbogbo bọ́ọ̀sì ìlú náà ló dáṣẹ́ dúró. Ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, adágún Erie ló ń fún afẹ́fẹ́ lómi, òjò-dídì ibẹ̀ sì ń kọjá mítà 2 lọ́dún. Ìjì December 2022 pa ju èèyàn 40 lọ ní agbègbè náà, a sì rí òkú àwọn kan nínú mọ́tò.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra ìrìn-àjò láti Festac tàbí Amuwo, ẹ sọ fún wọn: bí òjò-dídì bá bo mọ́tò mọ́lẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ hú u kúrò lẹ́nu páìpù èéfín kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí jẹnẹrétọ̀ inú ilé ṣe ń pa èèyàn níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín yẹn ń pani níbẹ̀.