Iná Pupa Bíréèkì Lórí Dáṣíbọ́ọ̀dù: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Kọrí Sílé

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Àbújá, ọkọ̀ tó ti pẹ́ là ń wà: Camry àtijọ́, Corolla, Golf, Peugeot. Ọkọ̀ yìí kan náà tó ń gbé wa lọ sí ọjà Wuse láàárọ̀ la ó kó ìyàwó àti ọmọ sí bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, tí a ó gba Lọ́kọ́ja kọjá sí Kábà, Òmùò, Adó-Èkìtì. Iná pupa kékeré tó ní àmì ìyanu nínú, tàbí tí wọ́n kọ BRAKE sí, kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò nírú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì ọkọ̀. Iná náà gbọ́dọ̀ tàn. Tí ẹ bá sítáàtì, tí ẹ sì sọ háńbíréèkì kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kú. Tí kò bá tàn rárá, ẹ má yọ̀ o: gílóòbù rẹ̀ lè ti jó, tàbí kí ẹnì kan ti yọ ọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa rí. A ra Camry kan lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó nílẹ̀ yìí, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí iná kankan. Oṣù kejì ni pẹ́dàlì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ní Kugbo, lójú ọ̀nà Nyanya. Háńbíréèkì la fi dá a dúró, ó ku díẹ̀ ká wọ inú bọ́ọ̀sì kan. Nígbà tí rẹwáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò gílóòbù ṣófo. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ fún oníbàárà títí dòní: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́, kò ní dà yín láàmú mọ́.” Ẹ má gbà.

Tí iná bá tàn tí kò kú, háńbíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fà á sókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá, bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Súwíìṣì kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ tàbí míníráà tí àwọn ọmọ dà sílẹ̀ lè mú kó há. Bí iná bá ń ṣẹ́jú bí ẹ ti ń mi háńbíréèkì, ibẹ̀ ló wà, owó kékeré ni.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ike ọ́ìlì bíréèkì, níwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín MAX àti MIN. Nǹkan kan ń léfòó nínú ike yẹn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀; bí ọ́ìlì bá sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń tan iná. Ìdí nìyí tí iná fi lè tàn bí ẹ bá yà ní kọ́nà tàbí tí ẹ ń gun òkè, kó tún kú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. A ó ra ọ́ìlì kan, a ó bù ú kún un, iná á kú, ó parí. Kò parí o! Ọ́ìlì bíréèkì kò dà bí ti ẹ́ńjìnì tó lè máa jó lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá dín, yálà páàdì ti jẹ lọ ni, tàbí ó ń jò. Bí páàdì bá ṣe ń fẹ́lẹ́ ni písítìnì inú kálípà ń jáde sí i, ọ́ìlì á sì tẹ̀ lé e láti dí àyè yẹn. Tí ẹ bá bu ọ́ìlì kún un lórí páàdì tó ti tán, ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá fi tuntun sí i, tó ti písítìnì padà, ọ́ìlì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á sì bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Páàdì ni kí ẹ wò ṣáájú. Tó bá ṣẹ́ kù bíi mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tòsì tọ̀tún papọ̀.

Tí páàdì bá ṣì nípọn, ẹ wá ibi tó ń jò: ẹ̀gbẹ́ inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà, àti ìdí másítà níbi tó ti so mọ́ bọ́sítà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín bíréèkì ọkọ̀ wọ̀nyí sí, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já. Nítorí náà ọkọ̀ tó ń jò lè ṣì máa dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ jìnnà, á sì pẹ́ kó tó dúró. Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyẹn tí à ń sọ pé “ó ṣì ń mú.” Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má wà á lọ sí Apo Mechanic Village, ẹ wọ́ ọ lọ, tàbí kí mẹkáníìkì wá bá yín.

Irú ọ́ìlì tó yẹ máa ń wà lórí ìdérí ike: DOT 3 tàbí DOT 4 ni fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tiwa. Ẹ má da DOT 5 pọ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ńkọ́? Á mú kí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ nu ìdérí kí ẹ tó ṣí i, ẹ má sì ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀, torí ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n Celsius 205 ó kéré tán kó tó hó. Èyí tí omi ti wọ̀ lè hó ní nǹkan bí 140. Bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì léraléra ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè pẹ̀lú ẹrù, tí ọ́ìlì sì hó, pẹ́dàlì á rọ̀ wọlẹ̀. Ọ́ìlì tó ti dúdú, tàbí tó ti lé ní ọdún méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Iná ABS aláwọ̀ ìyeyè nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà: bíréèkì á ṣì mú, àmọ́ táyà lè há kí ọkọ̀ sì yọ̀ lójú òjò. Tí òun àti iná pupa bá jọ tàn, ẹ má rìn jìnnà. Tí iná pupa bá jọ tàn pẹ̀lú iná bátìrì nínú Toyota àtijọ́, ẹ ní kí rẹwáyà yẹ ọ̀táńétọ̀ wò kí ẹ tó ná owó lórí bíréèkì.

Tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ká sọ lẹ́yìn Abaji, ẹ tan iná wáníńgì, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí pẹ́dàlì bá wọlẹ̀, ẹ pọ́ńpù rẹ̀ léraléra, ẹ já jíà sí 2, kó tó kan L, kí ẹ sì máa fa háńbíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, torí ọwọ́ ọkọ̀ á le. Bí ẹ bá dúró tán, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nọ́ńbà àwọn Road Safety ni 122; kò gba owó.