Ariwo Ọjà Ojú Ọ̀run: Níbo Ni Ìgbì Òòfà Ti Ń Wá?

Ayé lọjà, ọ̀run nilé, ni àwọn àgbà wí. Ó jọ pé ojú ọ̀run náà ní ọjà tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀yìn ìlú lọ́jọ́ ọjà yóò gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohùn ẹni tó ń ná ata yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń jà. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2023 pé àwọn rí ẹ̀rí rẹ̀.

Ní ọdún 1916 ni Albert Einstein fi ìṣirò hàn pé bí àwọn ohun wíwúwo bá ń yí ara wọn po, àyè tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀ yóò máa nà, yóò máa súnkì, bí omi ṣe ń rú. Ìgbì òòfà nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà mú ọ̀kan tó yára kọjá bí ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n èyí tí à ń sọ yìí lọ́ra: ẹyọ kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọjá tán. Kò sí ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó lè wọ̀n ọ́n.

Ìràwọ̀ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ. Ní ọdún 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ṣàwárí ìràwọ̀ tó ń yí bí òkòtó, tí àmì rẹ̀ ń dé léraléra láìyẹ̀. Ní ọdún 1983, Hellings àti Downs ṣàlàyé bí ìgbì òòfà yóò ṣe mú kí àmì irú àwọn ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ yá tàbí kí ó pẹ́ lọ́nà tó bára mu. Àjọ NANOGrav ṣọ́ ìràwọ̀ 67 fún ọdún 15, wọ́n sì rí àpẹẹrẹ náà. Àwọn ará Yúróòpù, Ọsirélíà àti Ṣáínà jẹ́rìí sí i.

Ta wá ni ọlọ́jà? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní ihò dúdú ńláńlá ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo ju oòrùn lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù tàbí bílíọ̀nù. Bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ méjì bá dà pọ̀, ihò tó wà láàárín wọn a máa yí ara wọn po. Àwọn mìíràn ní ìró ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni, láti nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ ti ihò dúdú, ariwo náà yóò ròkè ní apá kan ju òmíràn lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yí ká. Èyí ni wọ́n ṣì ń tẹ́tí sí. Bí ìdáhùn kejì bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìròyìn tó dàgbà ju gbogbo ìràwọ̀ lọ ni à ń gbọ́.