Ilé Onígi Ìgboro Holborn

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ilé kan wà ní High Holborn ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìtàn rẹ̀ mú mi tún òwe yìí rò. Staple Inn ni orúkọ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1585 ni a kọ́ ọ. Igi ni egungun rẹ̀: a gbẹ́ ihò sí ara òpó, a ki ẹnu ìtí igi bọ̀ ọ́, a sì fi èèkàn igi há a pinpin. Ilé òkè yọ sójú títì ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá àti gbọ̀ngàn wà, níbi tí àwọn amòfin àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń péjọ.

Ní September 1666, iná ńlá sọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì run ilé tí ó lé ní 13,000. Kò dé ọ̀dọ̀ Staple Inn. Lẹ́yìn èyí, ìjọba ṣòfin pé bíríkì tàbí òkúta ni kí a fi tún ìlú náà kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ilé onígi, tí ó wọ́pọ̀ rí, ṣe di ọ̀wọ́n.

Oríire nìkan kọ́ ni ó pa á mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ amòfin náà tú ká, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Prudential rà á ní 1886. Wọn ìbá wó o. Wọ́n tún un ṣe.

Ní August 24, 1944, bọ́ǹbù afòfúnra-rẹ̀ ti Jámánì wó gbọ̀ngàn náà lulẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé òwe wa, èyí tí ó lẹ́wà jù ú lọ ni wọn ìbá fi rọ́pò rẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣa igi àtijọ́ tí ó ṣì dára nínú àwókù, wọ́n sì fi wọ́n tún gbọ̀ngàn náà kọ́ bí ó ti wà rí. Ó parí ní 1955.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé ti àtijọ́ ni gbọ̀ngàn yìí, tàbí ti àná? Èmi tí mo ń kọ́ èdè dáhùn báyìí: ẹni tí ó kọ́kọ́ ki oríkì ìdílé kan ti kú tipẹ́, ẹnu ọ̀tọ̀ ni ó ń kì í lónìí, síbẹ̀ oríkì ìdílé náà ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹwà tí a ń bù sí ilé ọba dára. Ṣùgbọ́n kí á tó bù ú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo inú àwókù.