Ojú Iná

Àwọn àgbà máa ń sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú àròkọ yìí.

Ní ọjọ́ tí kíláàsì wa lọ wo àwọn ohun ìrántí òwò ẹrú ní Àgbádárìgì, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de àwọn baba ńlá wa hàn wá. Bí a ti ń jáde, ọmọ kíláàsì wa kan sọ pé: "Òyìnbó ló mú irin wá bá wa, irin náà ni wọ́n sì fi dè wá." Kò sí ẹni tó rí èsì fún un. Èmi náà dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí àgbẹ̀dẹ kan nítòsí ọjà. Bàbá alágbẹ̀dẹ ń fi èdè Ègùn bá ọmọ wọn tó ń fẹ ewìrì sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé irin ti gbóná tó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ojú rẹ̀ ni mo ń wò, ọmọ mi. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, kò tíì gbọ́ràn. Bó bá dà bí ọsàn tó pọ́n, kí o yára."

Ohun tí wọ́n sọ bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Bí irin pípé bá gbóná dé 912°C, àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á tún ara wọn tò. Kò ní yọ́ títí yóò fi dé 1,538°C. Ní 1900 ni Max Planck, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí ìṣirò tó ṣàlàyé bí àwọ̀ iná ṣe ń bá ìgbóná yí padà. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń lo àwọ̀ náà kí wọ́n tó bí i.

Ṣé àwa ni a ń yọ irin wa láti inú ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1904, òyìnbó kan, C. V. Bellamy, tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa àwọn tó rí tí wọ́n ń yọ irin nínú ìléru alámọ̀ nítòsí Ọ̀yọ́. Iná èédú irú ìléru bẹ́ẹ̀ kì í yọ́ irin di omi. Ìdàrọ́ ló ń yọ́ ṣàn kúrò, irin á ṣẹ́ kù, wọ́n á sì lù ú títí yóò fi mọ́.

Ti bàbà ló yà mí lẹ́nu jù. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n ti Ilé-Ifẹ̀, tó ti lé ní 500 ọdún, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pípé. Idẹ rọrùn í dà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó máa ń yọ́ kí iná tó le tó ti bàbà, ó sì máa ń ṣàn dáadáa. Bàbà pípé kò ní yọ́ àfi ní 1,085°C. Bó bá yọ́ tán, á máa fa afẹ́fẹ́ mu, ihò á sì wà nínú rẹ̀. Bó bá tutù díẹ̀ péré, á dì kí ó tó dé ibi tó tín-ín-rín. Síbẹ̀, imú, ètè àti etí ìbòjú náà pé pérépéré. Ẹni tó dà á kò ní tẹmómítà.

Ní 1990, àwọn onímọ̀ ṣe òṣùwọ̀n ìgbóná tuntun fún gbogbo ayé. Ìgbóná tí bàbà pípé fi ń dì, 1,084.62°C, wà lára àwọn àmì tí wọ́n fi ń tún tẹmómítà ṣe, nítorí pé kì í yẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Alan Dinsdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìṣirò jáde fún èròjà pípé 78, irin àti bàbà wà lára wọn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ń lo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láti sọ ohun tí irin yóò ṣe nínú iná kí ẹnikẹ́ni tó dáná.

Mo ti padà lọ bá ọmọ kíláàsì mi. Mo gbà pé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jẹ́ òótọ́, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa ni àwọn baba wa ti mọ ojú iná. Ó ní kí n mú òun lọ sí àgbẹ̀dẹ. A máa lọ ní Sátidé tó ń bọ̀.